Òkun Sọ̀ Kalẹ̀ Láti Òkè Pẹ́tẹ́ẹ̀sì

Ilẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin tó wá bá Alájì kó táǹkì ẹja òkun rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò tíì wo ẹja, kò tíì wo iyùn, kò tilẹ̀ tíì bèèrè ibi tí wọ́n gbé táǹkì tuntun sí. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó rìn yí pálọ̀ òkè náà ká, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ pákó ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Ibi tí pákó bá ti ró yàtọ̀, a dúró, a tún un tẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó kọjú sí onílé, ó ní, "Ẹ má bínú o, Alájì, kò ní lè gbé òkè níbí. Ìsàlẹ̀ ni yóò wà."

Alájì ò kọ́kọ́ gbà. Òkè ló máa ń jókòó sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òkè ni táǹkì kékeré ti wà látọjọ́ yìí, òkè náà ló sì fẹ́ kí ńlá wà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ò bá a jiyàn. Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò sára páálí kan. Lítà 400 ni táǹkì tuntun ń gbà. Omi òkun wúwo ju omi ẹ̀rọ lọ díẹ̀, lítà kan rẹ̀ lé ní kìlógíráàmù kan, nítorí náà omi nìkan ti di 410 kìlógíráàmù. Bí a bá ro gíláàsì mọ́ ọn, ká ro òkúta, yanrìn àti tábìlì onírin tí wọn yóò gbé e lé, ó ti tó 600: àgbàlagbà mẹ́jọ tó dúró pọ̀ sójú kan, tọ̀sán tòru, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ilé náà sì ti dàgbà. Ó wà lára àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó tí ògiri wọn nípọn ṣùgbọ́n tó jẹ́ pákó ni wọ́n fi tẹ́ òkè wọn. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé olókè tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, kò sí ará Erékùṣù Èkó tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrù lórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì kó fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Alájì wo páálí náà títí, ó ní, "Ó dáa. Ìsàlẹ̀ náà ni."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ọ̀gá ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kíkó táǹkì omi òkun láti inú kékeré bọ́ sínú ńlá jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè wò láti àárọ̀ di alẹ́ kó má rí ohun tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀. Ẹja lojú ń wò, iyùn lojú ń wò. Ohun tí ọ̀gá iṣẹ́ ń kó gan-an, ojú ò tó o: inú ihò òkúta ló ń gbé. Gbogbo ìdúró, gbogbo sùúrù, gbogbo "ẹ má tíì fọwọ́ kàn án" tí mo gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, nítorí ohun tí ojú ò tó yẹn ni.

Lítà 80 péré ni táǹkì kékeré ń gbà. Òkúta oníhò tó tó kìlógíráàmù mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì wà níbẹ̀, ìlà funfun mẹ́ta-mẹ́ta lára wọn. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ihò ló máa ń dúró sí, edé kan sì ń bá a gbé inú ihò yẹn. Ìgbín òkun wà, bẹ́ẹ̀ ni iyùn oríṣiríṣi. Òmíràn nínú iyùn náà rọ̀, òmíràn le, àwọn kan sì ní ọwọ́ gígùn tí omi ń gbé síhìn-ín gbé sọ́hùn-ún.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ iyùn. Ọrùn ìyàwó la ti mọ̀ ọ́n, ọrùn ọba àti ti ìjòyè. Àmọ́ iyùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, Òkun Mẹditaréníà ni àwọn ògidì rẹ̀ ti ń wá, láti ibi tí òkùnkùn pọ̀ sí lábẹ́ àpáta, egungun rẹ̀ ni wọ́n sì ń gé tí wọ́n ń dán. Ti inú táǹkì Alájì yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé e ró. Ewéko tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn ní èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Bí omi bá gbóná jù, iyùn a lé ewéko yìí jáde, a sì funfun. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ebi ni yóò pa á. Etíkun tiwa ò ní irú òkìtì iyùn ńláńlá tó wà ní Òkun Íńdíà tàbí ní Karibéánì. Odò tó ń ya wọ òkun níhìn-ín pọ̀, ẹrẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá kì í sì í jẹ́ kí omi mọ́ tó. Àlejò ni gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yẹn nílùú Èkó, ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ máa ṣe òkun fún wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ṣíṣe òkun yìí. Láti ilé Alájì, ẹsẹ̀ lèèyàn yóò fi rìn dé Ẹbúté Èrò, níbi tí ọ̀sà ti tẹ́ rẹrẹ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n rán ọmọ lọ pọn wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í ṣe òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a máa gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé, a wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì pọ̀. Bí òjò bá dé, tí odò Ògùn àtàwọn odò yòókù bá kún, omi dídùn a borí, iyọ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ibi púpọ̀. M. B. Hill àti J. E. Webb tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀sà Èkó jáde lọ́dún 1958. Webb tọ ipasẹ̀ ẹ̀dá kékeré kan tó máa ń ri ara rẹ̀ mọ́ inú yanrìn ọ̀sà, Branchiostoma nigeriense lorúkọ rẹ̀, ó sì rí i pé bí òjò bá ti lé iyọ̀ kúrò nínú omi, àwọn tó wà nínú ọ̀sà a kú. Inú òkun ni àwọn mìíràn á tún ti wọlé wá nígbà tí iyọ̀ bá padà. Ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gan-an nìyẹn o. Iyùn tó jẹ́ àlejò ò ní í rọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, sísẹ́ ni wọ́n ń sẹ́ omi tí yóò di òkun. Omi bọhóòlù lórí Erékùṣù kì í sábà mọ́ tó, iyọ̀ àti irin máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ asẹ́mi tirẹ̀ wá, èyí tó ń fi ipá ti omi gba inú awọ kan tó há débi pé omi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọjá. Ìkán-kán ni omi náà ń jáde. Ó ti ń sẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀mù láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Iyọ̀ tó dà sí i kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, nítorí kò sí kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù tó tó nínú ti ọbẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni iyùn sì ń lò láti fi mọ egungun ara rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan; fún lítà 400, ìyẹn di kìlógíráàmù 14. Ó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, kò fojú bù ú. Mo sì kíyè sí i pé omi ló kọ́kọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀mù, kó tó máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ lórí ibi tí pọ́ǹpù ti ń ru ú. Bí wọ́n bá da omi lé iyọ̀ lórí, kálísíọ́ọ̀mù a dì pọ̀, a di ẹfun sí ìsàlẹ̀ ike, owó ti bọ́ sómi nìyẹn. Pọ́ǹpù ru omi náà di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló tó kán ẹ̀kán kan sórí awò ìwọnyọ̀, ó gbé e sójú oòrùn, ó fi ojú kan wò ó: 35. Ó ti tẹmómítà bọ̀ ọ́: 26. Ó nu awò náà, ó kán òmíràn, ó tún wò ó.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́, mo ń wo omi. Ìgbà kejì, mo ń wo awò."

Ohun tó jẹ́ kí ńlá dára ju kékeré lọ, ẹni tó ń gbé Èkó yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ooru ń fa omi kúrò nínú táǹkì lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í sì í bá omi lọ. Bí lítà méjì bá gbẹ nínú 80, iyọ̀ ti kúrò ní 35, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 36. Bí lítà méjì kan náà bá gbẹ nínú 400, 35.2 péré ló máa di. Bákan náà ló rí pẹ̀lú ooru: omi púpọ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án, tí fáànù tó ń fẹ́ sójú omi dúró, omi kékeré a gbóná kíákíá. Èyí tó pọ̀ yóò fún èèyàn láyè láti wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, àyè yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí ojú ò tó. Ẹja ń jẹ, ẹja ń yàgbẹ́, amóníà ń jáde lára rẹ̀, májèlé sì ni fún òun fúnra rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ amóníà di náítráìtì, tí òun náà lè léwu. Àwọn mìíràn ń sọ náítráìtì di náítréètì, tí ara ẹja lè gbà mọ́ra níwọ̀nba. Díẹ̀ ló ń gbé inú omi nínú wọn. Ara òkúta ni ọ̀pọ̀ jù lọ lẹ̀ mọ́, nínú gbogbo ihò tí omi lè gbà. Táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó, ẹja tí a bá sì kó sínú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, inú ìgbẹ́ ara rẹ̀ la kó o sí. Ní Jakarta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lee Chin Eng ló kọ ọ́ fáyé kà lọ́dún 1961 pé òkúta tí a gbé láti inú òkun pẹ̀lú ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ lè tọ́jú omi fún iyùn nínú àpótí gíláàsì. Òkúta alààyè la ń pè é títí dòní, kò sì sí àbùmọ́ nínú orúkọ náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọkùnrin yìí ò fi gbọ́ ti Alájì nígbà tó ní kí wọ́n kó gbogbo omi àtijọ́, pé òun ló ti mọ́ àwọn ẹja lára. Ó gba lítà 50 níbẹ̀, kí ìyàtọ̀ má bàa pọ̀ lójijì. Ó da ìyókù nù. "Omi lè lọ, Alájì," ló wí. "Òkúta ni kò gbọdọ̀ gbẹ."

Ètò tó fi ṣe é kò yẹ̀. Ó pa iná táǹkì, ó dá pọ́ǹpù dúró. Ó fi rọ́bà fa lítà 50 náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí omi ṣì mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Iyùn ló kọ́kọ́ jáde, òkúta tẹ̀ lé e, ẹja ló kẹ́yìn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń lé ẹja kiri láàárín òkúta títí yóò fi rẹ̀ wọ́n, tí iyùn yóò ya, tí omi yóò dàrú. Ọkùnrin yìí kó ilé kúrò lórí wọn ná, ẹja wá dúró láàárín gbangba, àwọ̀n ọwọ́ kékeré kan ló sì fi gbé wọn.

Ibi tó ti mú iyùn ọlọ́wọ́ gígùn ni mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Omi ló ń gbé ọwọ́ iyùn yẹn ró. Bí a bá fà á jáde bó ṣe là sílẹ̀, ìwúwo omi tó wà lára rẹ̀ yóò fà á ya mọ́ ètè egungun rẹ̀. Ó na ìka kan sínú omi, ó rọra ń ti omi lù ú láì fọwọ́ kan ẹran ara rẹ̀. Ọwọ́ gígùn wọ̀nyẹn ń kó wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Ó tún ti omi lù ú. Nígbà tí ó ku egungun àti ẹran tó ti sún kì, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó yí i dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ omi kí omi inú rẹ̀ lè ṣàn kúrò, ó tó gbé e jáde. Kò gbà ju bí ẹni mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tún wọ inú omi bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára lórí èyí tó kẹ́yìn ju èyí àkọ́kọ́ lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ò kan ẹran ara iyùn kankan. Ìdí ló ń dì mú, ní gbogbo ìgbà.

Òkúta kan wà tí kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn rárá. Àwọn iyùn rírọ̀ kéékèèké tó rí róbótó, aláwọ̀ ewé àti pupa, ló bò ó. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wọ awò sójú, ó tó gbé e. Májèlé tó ń jẹ́ palytoxin lè wà lára irú iyùn bẹ́ẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó le jù nínú ohun tí ẹ̀dá alààyè ń mú jáde. Ó máa ń ti ojú egbò wọ ara. Àwọn èèyàn ti sọ ara wọn dèrò ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń se òkúta bẹ́ẹ̀ lórí iná kí ó lè mọ́, tí ooru rẹ̀ gba imú wọn wọlé. Ó sọ èyí fún ọmọ iṣẹ́ náà lójú wa, ó ní kó tún un sọ fún òun. Ọmọ náà tún un sọ. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó péye nìyẹn lójú tèmi, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ikùn títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi fara gbá a.

Òkúta tó kù nílẹ̀ ni èyí tí ihò ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ àti edé wà lábẹ́ rẹ̀. Àjọgbé àwọn méjèèjì yìí wuni í wò. Edé ló ń gbẹ́ ihò, ojú rẹ̀ ò sì ríran tó. Nígbàkígbà tó bá jáde, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kan máa ń wà lára ẹja. Ẹja ló ń ṣọ́nà. Bó bá rí ewu, a gbọn ìrù, edé a sì wọlé. Bí ewu náà bá súnmọ́, òun náà a tẹ̀ lé e. Bí èèyàn bá kó wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n lè má tètè rí ara wọn mọ́ nínú táǹkì ńlá. Ọkùnrin náà fi àwọ̀n bo ẹnu ihò iwájú, ó fi ike afami rọra fẹ́ omi gba ihò ẹ̀yìn. Ẹja yọ. Edé ò yọ. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé etí gíláàsì, ó ń wo ihò náà, kò sọ̀rọ̀. Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, ó ní kó kúkú gbé òkúta náà. Ọkùnrin náà mi orí. Bí òkúta bá yẹ̀, yanrìn yóò ya lu edé náà mọ́lẹ̀. Ó tún fẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan sí i, edé fi ẹ̀yìn rìn jáde bọ́ sínú àwọ̀n. Inú ike kan náà ló kó àwọn méjèèjì sí, pẹ̀lú páìpù kúkúrú kan tí wọn yóò sá wọ̀. Kó tó parí títi ọ̀rá bò ó, wọ́n ti wọ inú páìpù náà pọ̀.

Yanrìn àtijọ́ ni kò kó. Ó bu ife kan láti òkè rẹ̀, níbi tó funfun tó sì mọ́, kí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú rẹ̀ lè di irúgbìn fún ti tuntun. Ó fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ fi ṣíbí hú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀mí ti jáde, dúdú ló jáde, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ sì gba yàrá. Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀sà nígbà tí omi fà sẹ́yìn mọ òórùn náà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé ni kòkòrò mìíràn ti ń ṣe é, ó sì lè pa ẹja láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bó bá tú sínú omi tí wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọkùnrin náà ò fi kan ilẹ̀ táǹkì láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àtẹ̀gùn ilé náà há, ó sì yípo. Kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún ju ìdajì lọ díẹ̀, gbogbo wọn ló ní ìdérí, tówẹ̀lì tó rin fún omi òkun sì bo òkúta tó yọrí. Òun ló ń síwájú pẹ̀lú ẹrù, ọmọ iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń pe àtẹ̀gùn: "Ó ku méjì. Ó ku kan. Ilẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá." Àárín lílọ bíbọ̀ yìí ni iná lọ. Àwọn ará ilé kígbe. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Láti ìgbà tí ẹja ti dé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni atẹ́gùn oníbátìrì ti ń hó nínú omi wọn. Kò fi ẹ̀mí kankan sábẹ́ iná ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi òkun kì í gba ọ́síjìn tó omi odò, bó bá sì gbóná, a tún dínkù sí i.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Anna Thynne, obìnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kó iyùn alààyè láti Torquay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1846. Kò sí pọ́ǹpù nígbà náà. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀ ni wọ́n ní kó máa da omi náà láti inú ohun kan sínú òmíràn lójú fèrèsé, ojoojúmọ́, fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ìyáàfin ni ìwé ń dárúkọ. Mo gbà tọkàntọkàn pé apá ọmọbìnrin yẹn ló mú iyùn náà yè.

Nísàlẹ̀, táǹkì ńlá ti dúró lórí tábìlì rẹ̀, ó fara ti ògiri tó nípọn. Fóòmù wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó lóòró àti níbùú, torí gíláàsì tó bá dagun díẹ̀ ni omi yóò máa ti ìsomọ́ rẹ̀ lójú kan lójoojúmọ́. Òkúta ló kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀, lórí gíláàsì gan-an, kó tó da yanrìn yí wọn ká. Mo ti rò pé yanrìn ni yóò ṣáájú. Ó ní edé yóò gbẹ́lẹ̀, bí òkúta bá sì jókòó lórí yanrìn, ọjọ́ kan ni edé yóò gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ tán, òkúta yóò wó lù ú, tàbí kó fọ́ gíláàsì. Ó to òkúta náà, ó tì í lápá ọ̀tún, ó tì í lápá òsì, kò mì. Ó tún ọ̀kan tò nítorí pé omi ò ní lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó da yanrìn fífọ̀, tó sì gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé e, orí àwo yẹn ló ń da omi sí kí yanrìn má bàa rú sókè.

Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ní kókó fa omi tuntun sínú ike ẹja, ẹ̀kán lé ẹ̀kán, títí omi inú ike fi di ìlọ́po méjì. Edé ló ṣe é fún jù. Ẹja lè fara da ìyípadà iyọ̀ díẹ̀, edé kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ ni. Gbogbo wa ń wo ìkán omi, Alájì ti jókòó, ó ti bọ́ fìlà. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó yára mọ́.

Iyùn wọlé, gbogbo wọn ní ìsàlẹ̀, kódà àwọn tó máa ń gbé òkè lábẹ́ iná. Iná táǹkì tuntun le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó dín in kù sí 40 nínú 100, ó ní kí wọ́n máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa gbé iyùn gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ àsanjù lè sọ iyùn di funfun bí ooru ṣe lè ṣe é. Ẹja aláwọ̀ ọsàn méjèèjì wẹ̀ lọ sí igun kan, wọ́n dúró síbẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ abẹ́ òkúta pẹ̀lú edé rẹ̀, yanrìn sì ti ń fò jáde láti abẹ́ òkúta náà kí wọ́n tó kó bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀.

Ó kọ́ ọmọ-ọmọ Alájì, ọmọbìnrin tó wà nílé ìwé gírámà, bí wọ́n ṣe ń yẹ amóníà wò: ó bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kán oògùn méjèèjì sí i, ó mì í, ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá yọ ní àwọ̀ ìyeyè, kò séwu. Bó bá ti ń di àwọ̀ ewé, kí ó pe òun, kí wọ́n má fún ẹja lóúnjẹ, kí wọ́n sì pààrọ̀ omi. Òkúta lè ti fara gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà, díẹ̀ nínú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lè ti kú. Ọjọ́ mélòó kan ni yóò sọ. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, àwọ̀ ewé díẹ̀ hàn nínú ìgò. Wọ́n pe ọkùnrin náà, ó wá pẹ̀lú omi iyọ̀ tó ti pò sílẹ̀, ó pààrọ̀ lítà 60. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti padà di ìyeyè, kò sì yí padà mọ́.

Alájì bi í léèrè ìgbà tí òun lè ra ẹja sí i, torí àyè ti pọ̀ nísinsìnyí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó pé oṣù méjì, kí wọ́n sì ra ẹyọ kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn kòkòrò ara òkúta lè pọ̀ tó iṣẹ́ tí yóò dé bá wọn. Kò sì jẹ́ kí wọ́n ju táǹkì kékeré nù. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ibi ìdáná, ó fi pọ́ǹpù kékeré àti páìpù ìsápamọ́ méjì sí i. Ibẹ̀ ni ẹja tuntun yóò gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó wọ inú ńlá, nítorí kòkòrò Cryptocaryon irritans, tó ń fi àmì funfun tótòtó sára ẹja, lè wọlé pẹ̀lú ẹja kan ṣoṣo tí a rà lọ́jà, kó sì ran gbogbo àwọn yòókù.